Ẹ bá wa kọ́ ilé olú: lẹ́tà ṣíṣí sí Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Ìjẹ̀bú

Sí gbogbo Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Akílé Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí pa pọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin,

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àbúrò mi, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìnára. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ agbagbà ni mò ń gbìn, èyí tí àwọn obìnrin wa ń rà lọ dín ìpékeré. Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo mú wá: kí ẹ bá wa kọ́ ilé tí a ó ti máa gbin olú tó ń pa kòkòrò ọ̀gẹ̀dẹ̀. N kò fẹ́ kó mọ sétí ẹnì kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síta gbangba.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, mo ń tú pàǹtírí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ti wó, ni mo bá rí kòkòrò dúdú kan lábẹ́ ewé gbígbẹ. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, kòkòrò ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Kò gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, béèyàn bá fọwọ́ kàn án, á ká ẹsẹ̀ kò, á ṣe bí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n èyí ti kú ní tòótọ́. Láti oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ibi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn, nǹkan funfun kan ń hù jáde bí òwú. Mo fi ewé mú un sínú agolo mílíìkì, mo gbé e délé, mo fi han ọmọ àbúrò mi tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa kòkòrò ní yunifásítì. Ó wò ó títí, ó ní, "Màmá, ẹ má jù ú nù o. Olú ló pa á."

Olú tó ń wí kì í ṣe èyí tí a ń fi se ọbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbátan ni wọ́n. Olú wẹ́wẹ́ ni, irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti bu. Oríṣiríṣi wọn ló wà nínú ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn kan sì wà nínú wọn tó jẹ́ pé ara kòkòrò ni oúnjẹ tiwọn. Beauveria bassiana ni àwọn onímọ̀ ń pe èyí tí mo rí. Ó ní ìbátan kan tó ń jẹ́ Metarhizium, tí òun máa ń funfun níbẹ̀rẹ̀, tó bá wá gbó, á di àwọ̀ ewé.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe àgbẹ̀ lè máa wò ó pé kí ni kòkòrò kékeré kan fi ṣe mí. Kì í jẹ ewé, kì í jẹ èso, èèyàn kì í sì í tètè fura sí i. Abo rẹ̀ máa ń yé ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí igi ti wọ ilẹ̀. Ìdin funfun tí kò lẹ́sẹ̀ ló ń ti inú ẹyin náà jáde, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó máa gbẹ́ ihò kiri nínú ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí tí ibẹ̀ á fi rí jágajàga. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ á ṣì dúró, á ṣì máa yọ ewé, á tilẹ̀ so. Ọjọ́ tí ìjì kékeré kan bá jà ló máa wó lulẹ̀ tòun ti èso tí kò tíì gbó. Nínú 400 tí mo gbìn lọ́dún 2022, mo ka 130 tó wó kí n tó kórè. Kòkòrò náà tó bá ti dàgbà lè lo tó ọdún méjì láyé. Òru ló ń rìn, kì í sábà fò, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ń rà lọ́wọ́ ara wa láti gbìn ló sì ń bá wọ oko tuntun.

Kí la wá ń ṣe sí i? A ń ra oògùn. Èmi náà rà á, hóró wẹ́wẹ́ nínú ọ̀rá dúdú, lọ́wọ́ ẹnì kan lọ́jà. Kò sí orúkọ lára ọ̀rá náà, kò sí ìlànà kankan. Ó ní kí n da ìkúnwọ́ kan sí ìdí kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fi ọwọ́ lásán dà á láti àárọ̀. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ó jókòó sílẹ̀, òógùn bò ó, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ní ojú òun ń ṣú. Ọ̀kadà la fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ó wà láàyè, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo fi iṣẹ́ yẹn rán an, n kò sì tíì gbàgbé bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n lára ọwọ́ mi. Ọdún 2015 ni Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà lọ, nítorí pé oògùn apakòkòrò dichlorvos pọ̀ jù lára rẹ̀. Nígbà tó di 2019, NAFDAC alára, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa oògùn yẹn nínú ìgò kéékèèké lọ́jà. Ohun tó dé bá ẹ̀wà lè dé bá ìpékeré wa.

Ìyẹn ló mú kí òkú kòkòrò inú agolo yẹn ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Mo bi ọmọ náà léèrè báwo ni olú ṣe ń pa kòkòrò, èsì rẹ̀ sì yà mí lẹ́nu, torí pé kò dìgbà tí kòkòrò bá jẹ ẹ́. Hóró olú yìí kéré débi pé ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan. Tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara kòkòrò, á hu gbòǹgbò tín-ín-rín, á máa yọ omi kan tó ń jẹ èèpo ara kòkòrò náà, á sì máa fi agbára ti ara rẹ̀ wọlé. Tó bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀ báyìí, ibẹ̀ ni á ti máa pọ̀ sí i, á máa jẹ ohun tó yẹ kí kòkòrò fi gbé ara ró. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, ó parí. Bí ibẹ̀ bá rin, olú á tún gba oríkèé yọ síta, á tú hóró tuntun sílẹ̀ de èyí tó ń bọ̀. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ni ibùgbé tó bá a lára mu: ó tutù, ó ṣókùnkùn, oòrùn tó ń pa hóró olú kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ sányán lọ sí Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ẹ mọ̀ pé kòkòrò ló ń ta òwú sányán gidi. Ní ilẹ̀ Ítálì, àwọn tó ń sin irú kòkòrò olówùú bẹ́ẹ̀ rí àrùn kan tó ń pa wọ́n, tó ń sọ òkú wọn di funfun bí ẹfun. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Agostino Bassi fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí rẹ̀. Ní 1835 ló gbé e jáde pé olú ni, àti pé láti ara kan ló ń ràn dé ara kejì. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára bassiana yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn fún ìdí méjì: ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun, olú yìí kò sì mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá bí kò bá sí ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Kòkòrò oyin wà nínú ohun tí kò yẹ ká jẹ́ kó kàn, ìyẹn ni wọn kò fi ní wọ́n ọn síbi tí òdòdó bá ti ń tanná.

Àwọn kan ti ṣe é ṣáájú wa. Ní Kúbà, nígbà tí Soviet Union túká lọ́dún 1991 tí oògùn òkèèrè dáwọ́ dúró, ilé kéékèèké tó ń pèsè olú àti àwọn ohun alààyè mìíràn tó ń pa kòkòrò lé ní 200 káàkiri àgbègbè oko wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ alájẹṣẹ́kù. Beauveria ni wọ́n ń lò fún kòkòrò ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà tó ń dà mí láàmú yìí, àti fún ti ọ̀dùnkún. Ní Cotonou, ní ilẹ̀ Benin tó wà nítòsí wa níbí, IITA, ìyẹn àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, àti àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá olú tó lè pa eṣú àti tata lọ́dún 1989. Metarhizium tí wọ́n rí ni wọ́n sọ di oògùn tó ń jẹ́ Green Muscle, Tanzania sì lò ó fún eṣú lọ́dún 2009. Ìrẹsì ni wọ́n fi gbin ín. Ìrẹsì, ẹ̀yin èèyàn mi.

Mo ti fi ojú ara mi rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọmọ àbúrò mi bá mi tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀, mo sì ń lọ sí yàrá ìwádìí wọn fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ wọlé. Òkú kòkòrò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi omi tí wọ́n po bílíìṣì díẹ̀ mọ́ fọ ara rẹ̀ kí ìdọ̀tí òde má baà hù, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bébà tútù nínú àwo dígí. Nígbà tí funfun yọ, wọ́n fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti rà bọ iná mú bíńtín níbẹ̀, wọ́n fi kan oúnjẹ olú. Omi pòtétò àti ṣúgà ni oúnjẹ náà, ó dì bí ẹ̀kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣí i láti àwo kan sí òmíràn kó tó ku olú kan ṣoṣo, láìsí àlejò kankan.

Lẹ́yìn náà ni ìrẹsì. Wọ́n á bọ̀ ọ́ díẹ̀, kò gbọdọ̀ jinná tán. Hóró kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá dúró, torí pé ara hóró ìrẹsì ni olú ti ń rí ibi hù, afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ lè gba àárín wọn kọjá. Tó bá ti lẹ̀ pọ̀ bíi tùwó, ìyẹn ti bàjẹ́. Wọ́n á dì í sínú ọ̀rá tí ooru kì í yọ́, wọ́n á kó àwọn ọ̀rá náà sínú ìkòkò irin tó ní ọmọrí onídè, ooru omi inú rẹ̀ á dé 121°C, kí gbogbo ohun tó bá ń mí nínú ìrẹsì kú pátá. Nígbà tó bá tutù, wọ́n á da omi olú sí i, èyí tí wọ́n ti jẹ́ kó pọ̀ sí i nínú ṣúgà àti yíìsì fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n á di ẹnu ọ̀rá, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ nínú yàrá tí ooru rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 25°C lọ.

Lọ́jọ́ kejì, n kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹrin, ó dà bí ìgbà tí eérú fẹ́lẹ́ bá bà lé ìrẹsì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, ìrẹsì kò hàn mọ́. Gbogbo inú ọ̀rá funfun lẹ́búlẹ́bú, téèyàn bá tẹ ọ̀rá náà díẹ̀, á rí i tí èéfín funfun ń gbéra nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá ni wọ́n tú u, wọ́n sá a síbi tó gbẹ tó sì tutù, kì í ṣe sínú oòrùn, wọ́n sì jọ̀ ọ́. Hóró olú tó wà lórí gíráàmù ìrẹsì kan ṣoṣo lè tó bílíọ̀nù kan. Ẹ tún kà á.

Ibi tí ó ti le kì í ṣe ibi tí mo rò. Mo rò pé híhù rẹ̀ ló le, àṣé mímọ̀ ọ́n yàtọ̀ ni. Ọ̀rá méjì nínú ogún tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ yẹn hu nǹkan tó ní àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀gá wọn kò tilẹ̀ tú wọn rárá, ó dá wọn padà sínú ìkòkò gbígbóná, ó sè wọ́n kó tó dà wọ́n nù. Ó ní irú olú tó ń hù lára ẹ̀pà àti àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa lè wọ inú rẹ̀, èyí tó ń pèsè májèlé aflatoxin tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹni tí kò ní awò asọhun-kékeré-di-ńlá á rò pé Metarhizium ni. Mo bẹ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí lẹ́tà yìí lọ bọ ìrẹsì sínú ọ̀rá ní kíṣíìnì. Awò yẹn náà ni wọ́n fi ń ka hóró, òun ni wọ́n sì fi ń mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè: nínú 100 tí wọ́n bá gbìn, ó yẹ kí nǹkan bí 90 hù láàárín wákàtí 24. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi nǹkan bo imú, torí pé lẹ́búlẹ́bú yẹn lè fa ikọ́ àti ara yíyún. Olú tí wọ́n bá sì ń tún gbìn láti àwo dé àwo láì jẹ́ kó pa kòkòrò mọ́, agbára rẹ̀ máa ń dínkù. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa mú un padà sára kòkòrò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Wọ́n fún mi ní ìwọ̀nba díẹ̀ láti fi dán an wò. Mo la ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti kórè sí méjì, mo wọ́n ìrẹsì olú sílẹ̀ ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo da ojú ibi tí mo là dé e. Òórùn ìtì tútù ló ń fa kòkòrò yìí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé ọ̀kan sókè, mo ka mọ́kànlá lábẹ́ rẹ̀, funfun ti kùn wọ́n lẹ́sẹ̀ àti níkùn. Ọwọ́ mi fẹ́ẹ́ tẹ̀ wọ́n pa, mo kó ara mi níjàánu. Mo jẹ́ kí wọ́n lọ, kí wọ́n lọ fi kan àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ilà mẹ́ta ni mo ṣe é sí. Nígbà tí ìjì òjò dé, márùn-ún ló wó níbẹ̀. Nínú ilà mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí n kò fi nǹkan kan sí, mẹ́rìnlá ló wó. Ilà mẹ́fà kò tó pe ní ìwádìí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Olú kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀ bí oògùn, ẹni tó bá sì fọ́n oògùn apa-olú sóko rẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀ lóko mi lọ́dún yẹn.

Ìwọ̀nba yẹn ti tán. Kò sí ibi kankan ní gbogbo Ìjẹ̀bú tí mo mọ̀ tí mo ti lè ra òmíràn. Ọ̀rọ̀ yín wá kàn níbí.

Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yin nítorí mo mọ ohun tí ẹ lè ṣe. Ọjọ́ orí ló pa yín pọ̀, kì í ṣe òṣèlú, ìjọba lè yí padà kí Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ má yí. Onímọ̀ ẹ̀rọ wà nínú yín, apòògùn wà, agbẹjọ́rò wà, oníṣòwò tó mọ bí wọ́n ṣe ń kó ẹ̀rọ wọlé wà. Ohun tí ilé olú fẹ́ kò ju yàrá mẹ́rin lọ: èyí tí wọ́n á ti máa se ìrẹsì, èyí tó mọ́ tónítóní tí wọ́n á ti máa fi olú sí i, èyí tó tutù tí á ti máa hù, èyí tí wọ́n á ti máa sá a tí wọ́n á sì ti máa tọ́jú rẹ̀. Ó fẹ́ ìkòkò onídè ńlá, fíríìjì, awò, àti sólà tó dúró dáadáa, torí pé tí ooru bá dé 35°C nítorí pé iná lọ, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ti ṣòfò. Yunifásítì wà ní Àgọ́-Ìwòyè. IITA wà ní Ìbàdàn láti 1967, wọ́n sì ní oko ìwádìí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní Rémọ, kò jìnnà sí wa. Lẹ́tà yín ni wọ́n máa tètè dá lóhùn ju tèmi lọ, bí a bá ń wá olú tí a mọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ àti ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọ wa. NAFDAC ló sì ń fi òǹtẹ̀ lu ohun tí wọ́n fi ń pa kòkòrò kí ó tó dé ọjà, tí olú náà kò yọ sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ pọ̀, ẹni tó mọ̀wé ló máa bá wa tọ̀ ọ́.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lórí rẹ̀ gan-an. A ti rí ilé tí wọ́n fi ìlù àti ijó ṣí ní ìlú wa, tí wọ́n kọ orúkọ sára ògiri rẹ̀, tó jẹ́ pé kí ọdún tó yí po, àgádágodo ti wà lẹ́nu rẹ̀, ewúrẹ́ ti ń sùn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má ṣe kọ́ irú rẹ̀ fún wa. Kí ilé kéré, kí owó oṣù ọ̀dọ́ méjì fún ọdún mẹ́ta ti wà ní bánkì kí ẹ tó gé ríbọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ á ti máa rà á, owó tí à ń kó fún ọlọ́ọ̀rá dúdú lónìí ni á sì máa gbé e. Kò sì pọn dandan kó jẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló máa dá a ṣe. Kí ẹgbẹ́ kan gbé yàrá, kí ẹgbẹ́ kejì gbé sólà, kí àwọn obìnrin mú owó oṣù. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń fẹ́ yọ ju ara yín lọ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, nínú aṣọ àti nínú ẹṣin, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá ń wò yín. Irú ìdíje yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú wá síbi ọ̀rọ̀ yìí.

Èmi náà kò wá lọ́wọ́ òfo. Mo ní ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì kan létí ọ̀nà, kànga wà níbẹ̀, kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, kò sí ẹjọ́ lórí rẹ̀. Mo ti bá àwọn ọmọ mi sọ ọ́, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá gbà láti kọ́ ilé náà, mo yọ̀ǹda ilẹ̀ yẹn láìgba kọ́bọ̀.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ rán ẹni mẹ́ta wá sí oko mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Kí wọ́n tètè dé kí oòrùn tó là, kí wọ́n wọ bàtà tó bo kókósẹ̀. Mo máa tú ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó wó níwájú wọn, kí wọ́n rí inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà a máa jọ lọ gbé ìtì tí mo là yẹn sókè, ká wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àgbẹ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ kan,
Ìjẹ̀bú-Igbó.